Ajá tó gbọ́ fèrè ọdẹ: bí a ṣe ń kọ́ ajá ilé láti lọ mú nǹkan wá fún olówó rẹ̀

Gbogbo wa la mọ òwe tó sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwọn àgbà ń fi bá alágídí wí ni, ṣùgbọ́n kí ó tó di òwe, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni láàárín àwọn ọdẹ. Ọdẹ tó wọ igbó pẹ̀lú ajá mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò ní ohun mìíràn tó lè fi pè wọ́n padà ju fèrè àti ohùn ẹnu rẹ̀ lọ. Èyí tó bá kọ etí dídi sí i lè bá ẹkùn pàdé, ó lè kó sínú tàkúté ọdẹ mìíràn, ó sì lè rìn títí tí kò fi ní mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ní Ìyànà-Ìbà lónìí, ẹkùn kò sí. Mọ́tò ló rọ́pò rẹ̀. Ajá tó bá já ṣéènì lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, tó sì sá gba àárín dánfó àti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí ọjà Alábà tàbí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, bí kò bá dáhùn ìgbà àkọ́kọ́ tí olówó rẹ̀ pè é, àfàìmọ̀ kí ìpè kejì má bá a láyé mọ́.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ kan tí àwọn òyìnbó kọ́ ajá ọdẹ wọn dójú àmì, tí àwọn ọdẹ tiwa náà sì ní tiwọn nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún kò ju ohun mẹ́ta lọ: kí ajá lọ síbi tí a rán an, kí ó fi ẹnu gbé ohun tó wà níbẹ̀ láì bà á jẹ́, kí ó sì gbé e padà wá lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí kò ní ìbọn, tí kò sì ní í lérò láti ṣọdẹ láyé rẹ̀, yóò jàǹfààní rẹ̀, nítorí pé ìkẹta inú wọn, ìyẹn pípadà wá, ló ń gba ẹ̀mí ajá là ní àdúgbò bíi tiwa.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, ìbọn ló bí i. Nígbà tí ìbọn tí wọ́n ń ti ọta bọ̀ láti ìdí gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí yíyìnbọn sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ sọ pípa ẹyẹ lójú sánmà di fàájì. Ẹyẹ á jábọ́ sínú igbó ẹlẹ́gùn-ún tàbí sínú adágún odò, kò sì sí ọlọ́lá tó fẹ́ fi bàtà rẹ̀ wọ ẹrẹ̀. Wọ́n wá pín iṣẹ́ fún ajá. Ọ̀kan á fi imú wá ẹyẹ rí, á dúró gbagidi, á dojú kọ ibi tó wà. Òmíràn á já wọ inú koríko kí ẹyẹ lè fò. Ìkẹta á jókòó jẹ́ẹ́ títí ìbọn yóò fi dún, lẹ́yìn náà ni wọn á tó rán an lọ gbé ohun tó jábọ́ wá. Labrador jẹ́ ọ̀kan nínú irú ìkẹta yìí. Erékùṣù Newfoundland, tó ti di ara Kánádà báyìí, ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn apẹja ṣiṣẹ́ nínú omi tútù. Ẹgbẹ́ Kennel Club tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1873 fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní 1903. Golden Retriever tó jẹ́ aláwọ̀ wúrà ni Dudley Marjoribanks, tó padà di Lord Tweedmouth, bẹ̀rẹ̀ ìran rẹ̀ ní Guisachan, ní òkè Scotland, ní 1868.

Ajá ọdẹ tiwa yàtọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó gbọ́ òórùn ẹran, kí ó lé e jáde, kí ó dá a dúró tàbí kí ó pa á, kí ó sì máa gbó títí ọdẹ yóò fi dé ibẹ̀. Bí òkété bá wọ ihò, òun ni yóò fi ọwọ́ wa ẹnu ihò náà. Ní Kóńgò, níbi tí ajá Basenji ti wá, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbó, àwọn ọdẹ máa ń so agogo mọ́ ọn lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tó wà. Ẹran kéékèèké bí ehoro, ajá ọdẹ Yorùbá lè fi ẹnu gbé e wá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í kà á sí dandan. Ohun tí wọ́n kà sí dandan ni pé kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí ọdẹ fi ń yọ ìpín fún ajá rẹ̀ lára ẹran tó bá pa. Ajá tó mọ̀ pé ìpín òun ń bọ̀ kò ní í kánjú jalè.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọdẹ àti àfáà lè jókòó sórí ẹní kan náà. Ẹsẹ̀ kẹrin nínú Súrà karùn-ún Kùránì gba Mùsùlùmí láyè láti jẹ ohun tí ẹranko ọdẹ tó ti gba ẹ̀kọ́ bá mú, bí ó bá ti dárúkọ Ọlọ́run sí i. Hádíìsì tí Adíyyì ọmọ Hátímù gbà wá sì fi kún un pé bí ajá bá ti jẹ nínú rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ ẹ́, nítorí pé ara rẹ̀ ló mú un fún, kì í ṣe ìwọ. Àwọn ọlọ́lá Scotland kò tíì ronú kan ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wọ́n ti fi í dá ajá tó gbẹ̀kọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ajá lásán.

Ní ti Ọ̀jọ́ àti Ìbà, ilẹ̀ Àwórì ni, àwọn tó ń pẹja, tó ń dáko, tó sì ń ṣọdẹ lẹ́bàá odò tó gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Àgbádárìgì àti Pọ́tònófò. Láti ìgbà tí ìjọba ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1983, tí ọgbà rẹ̀ tó tóbi jù sì wà ní Ọ̀jọ́, ilé akẹ́kọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀bù àti gáréèjì ti gba èyí tó pọ̀ jù lára ohun tó jẹ́ igbó láti Okokomáìkò dé ọ̀nà Ìgàndò. Ajá kò kúrò níbẹ̀ o. Iṣẹ́ rẹ̀ ló yí padà. Inú kéèjì ló ń gbé láti àárọ̀ dé alẹ́, wọ́n á wá ṣí i sílẹ̀ lóru kó máa ṣọ́ ilé. Ajá tí kò rí ayé ju igun mẹ́rin kéèjì lọ, ọjọ́ tó bá rí gééètì ní ṣíṣí, kí ni yóò ṣe bí kò ṣe kó sáré?

Irú ajá wo?

Ẹni tó bá ní owó lè wá Labrador, ṣùgbọ́n kí ó mọ ohun tó ń rà. Irun rẹ̀ nípọn, ooru Èkó máa ń dà á láàmú. Ọ̀jẹun ni pẹ̀lú. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cambridge rí i pé bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn Labrador ni a bí pẹ̀lú àbùkù kan nínú ẹ̀jẹ̀ ìran wọn tó ń mú kí ebi máa pa wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Fún olùkọ́, àǹfààní ni, nítorí pé ajá tí ebi ń pa yóò ṣe ohunkóhun nítorí ẹja gbígbẹ díẹ̀. Fún àpò olówó rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ajá ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ń pè ní èkúkè tàbí Bíńgo, ni àwa yóò kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ó ti mọ ooru, irun rẹ̀ kúrú, kò wọ́n, ó sì gbọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé kò pọ̀ nínú wọn tí a bí ìfẹ́ gbígbé nǹkan wá mọ́, nítorí náà sùúrù tí yóò gbà ju ti Labrador lọ. Bí ẹ bá fẹ́ yan ọmọ ajá, ẹ jẹ́ kí ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lábẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ ju bébà tí ẹ rún pọ̀ sílẹ̀ láàárín wọn. Èyí tó bá sáré tẹ̀ lé e, tó gbé e, tó sì ń wo ojú yín, ẹ mú un. Èyí tó bá gbé e sá lọ sábẹ́ àga náà kò burú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ yóò pọ̀ jù.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé pápá ńlá la nílò. Rárá o. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn inú ilé kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ, nígbà tí àwọn alájọgbé bá ti lọ sí ibi iṣẹ́, tí gbogbo ilẹ̀kùn sì wà ní títì, ló dára jù lọ ní gbogbo Ìyànà-Ìbà. Ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ajá tó bá sáré lọ sí òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní ibòmíràn tó lè gbà padà ju ọ̀dọ̀ yín lọ. Ilé náà fúnra rẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ kan, ẹ ki àkísà sínú rẹ̀, ẹ so ó lẹ́nu. Ẹ má ṣe lo egungun, òkúta tàbí igi tó lè ya sí i lẹ́nu. Ẹ má sì ṣe lo sálúbàtà tó ti gbó, nítorí pé ajá kò mọ èyí tó gbó yàtọ̀ sí èyí tí alájọgbé yín ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ náà ṣeré níwájú rẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi là, kí ẹ tó jù ú síwájú bíi mítà méjì. Bó bá ti gbé e, ẹ pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ àṣẹ kan ṣoṣo tẹ̀ lé e, bíi “mú wá.” Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, kí ẹ gbé ìbọ̀sẹ̀ náà pamọ́ nígbà tó ṣì ń wù ú. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún nírọ̀lẹ́, ó tó fún ọmọ ajá. Ìbọ̀sẹ̀ tó bá ń wà nílẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní í jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́.

Bó bá gbé e, tí kò sì wá ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́, torí náà ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é. Ohun tó máa ń wá sọ́kàn èèyàn ni kí ó sáré lé e. Lójú ajá, eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ sáré ju ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lọ. Ẹ yí ẹ̀yìn sí i, ẹ sá lọ síbòmíràn, ẹ máa pàtẹ́wọ́, kí ẹ sì lóṣòó. Òun ni yóò máa lé yín. Nígbà tó bá dé, ẹ má ṣe já ìbọ̀sẹ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ kíá. Ẹ jẹ́ kó gbé e dání, ẹ máa fi ọwọ́ pa á láyà, ẹ máa yìn ín, kí ẹ tó fi ẹja gbígbẹ tàbí ẹ̀dọ̀ ṣíṣè tí kò tóbi ju èékánná lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ìpín tí ọdẹ ń yọ fún ajá rẹ̀ náà nìyí. Bí ẹ bá ń fà á mọ́ ọn lẹ́nu, yóò kọ́ láti di eyín mọ́ nǹkan, ẹnu rẹ̀ yóò sì le. Ajá tí ẹnu rẹ̀ le yóò fọ́ egungun àyà ẹyẹ kí ó tó gbé e dé. Láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà tó ń pààrọ̀ eyín, bó bá kọ̀ láti gbé nǹkan, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ẹnu ló ń dùn ún.

Gbogbo ará ilé gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Bí baba bá ń sọ pé “come,” tí ìyá ń sọ pé “máa bọ̀,” tí àwọn ọmọ sì ń pariwo “Bíńgo, Bíńgo” láìdáwọ́ dúró, ajá yóò gbà pé ariwo lásán ni gbogbo rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó bani nínú jẹ́ láti máa rí. Ajá yọ́ jáde, wọ́n wá a fún wákàtí kan, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà, olówó rẹ̀ sì fi kòbókò kí i káàbọ̀. Ó rò pé òun ń jẹ ẹ́ níyà nítorí pé ó jáde. Ajá kò lè ro ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe kẹ́yìn ni pé ó wálé, ohun tó sì rí gbà nínú rẹ̀ ni ẹgba. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní ìgbà kẹta tí a bá pè é yóò dúró sí òdìkejì títì, yóò máa wò wá. Àwọn èèyàn á wá fi òwe mọ́ ọn pé kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó gbọ́ dáadáa. Ohùn kòbókò ló gbọ́ nínú rẹ̀.

Nígbà tó bá kúrò nínú ilé

Fèrè rẹfirí tó wà lọ́jà tó fún iṣẹ́ yìí. Kí ẹ tó gbé e jáde rárá, ẹ máa fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì ní kúkúrú nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ gbé oúnjẹ fún ajá, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Lẹ́yìn náà ẹ fọn ọ́n láti yàrá mìíràn, ẹ óò rí eré. Fèrè dára ju ohùn lọ nítorí pé kì í bínú, kì í sì í gbọ̀n nígbà tí ẹ̀rù bá ń ba olówó ajá.

Ní ìta, ẹ so okùn fẹ́ẹ́rẹ́ bíi mítà mẹ́wàá mọ́ bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó máa wọ́ nílẹ̀. Kì í ṣe láti fi wọ́ ajá. Ọgbọ́n àìjẹ́kí-ó-sá-lọ ni. Pápá ilé ẹ̀kọ́ tó ní ọgbà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba àṣẹ, tàbí ilẹ̀ tí wọ́n mọ ògiri yí ká tí wọn kò tíì kọ́lé sí, ló yẹ. Etí títì kò yẹ rárá, bó ti wù kí ajá náà gbọ́n tó. Kí aago méje àárọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ jáde, nítorí pé ajá kì í làágùn bí èèyàn. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá méje. Bí kò bá ṣeé gbà fún ọwọ́ yín, kò ṣeé gbà fún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ajá tó ń mí gidigidi, tí inú ẹnu rẹ̀ pọ́n, tó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko láìfi àkókò ṣòfò.

Ẹ tún ro ti aládùúgbò. Mùsùlùmí púpọ̀ wà ní àdúgbò wa tí kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí òun yóò fi kírun, ọmọdé sì wà tí ẹ̀rù ajá ń bà. Ajá tó ti mọ “jókòó” kí ó tó mọ “lọ mú un” kì í fò mọ́ èèyàn. Nígbà tó bá pé bí oṣù mẹ́jọ, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í mú un jókòó títí ìbọ̀sẹ̀ yóò fi balẹ̀ kí ẹ tó rán an. Kí ẹ má ṣe é ní gbogbo ìgbà ṣá. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin, kí ìtara rẹ̀ má baà kú.

Lẹ́yìn èyí ni imú kàn. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan di ajá mú, kí ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ pamọ́ sínú koríko gíga, kí ẹ tó rán an. Ohun tó ń gbọ́ òórùn nínú imú ajá ju 100 mílíọ̀nù lọ, tiwa kò ju bíi mílíọ̀nù mẹ́fà lọ, nítorí náà ẹ má ṣe tọ́ka sí i, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Àwọn tó fẹ́ fi ṣọdẹ ẹyẹ lè so ìyẹ́ ẹyẹlé mọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà, kí wọ́n tó wá fi òkú ẹyẹlé gan-an dán an wò. Ti ìró ìbọn, ọ̀nà jíjìn la ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹnìkan máa gbá páànù nígbà tí ajá ń jẹun, kí ó sì máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ajá tí wọ́n yin bángà sí lẹ́sẹ̀ ní Kérésìmesì lè má gbà ìró ìbọn mọ́ láyé rẹ̀.

Ohun tí kò yẹ kó gbé wá

Ajá tó ti mọ iṣẹ́ yìí yóò máa gbé nǹkan tí ẹ kò rán an wá. Eku ló burú jù. Ọ̀pọ̀ eku àdúgbò ló jẹ́ pé ọtapíápíá ló pa á, májèlé náà yóò sì ran ajá. Eku kan sì tún wà tó máa ń gbé àrùn ibà Lassa, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa, ní Bọ̀rnò, ní 1969. Ẹ fi oúnjẹ gidi pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán gbé e, ẹ má sì ṣe na ajá, kí ó má baà kọ́ láti gbé e mì. Ẹni tó bá ń lọ sí igbó ní ìhà Àgbádárìgì kí ó mọ̀ pé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1985 dáàbò bo àwọn ẹranko tó ń lọ sí ìparun. Ààká jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Láti 2017 ni òfin àgbáyé ti ka títà gbogbo irú rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀. Ajá kò mọ òfin, olówó rẹ̀ ni wọn yóò mú.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ajá tí a fẹ́ kí ó máa fi ẹnu kan ọwọ́ wa lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ wà láìgba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje, 1885, ni Louis Pasteur kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ gba ọmọkùnrin kan là ní Paris, síbẹ̀ àrùn náà kò tíì tán nílẹ̀ wa. Àjọ tó ń ṣèwádìí àìsàn ẹranko ní Vom, lẹ́bàá Jos, ń ṣe abẹ́rẹ́ ti ajá. Láti oṣù mẹ́ta la ti ń fún ọmọ ajá, a sì ń tún un ṣe lọ́dọọdún. Bí ajá èyíkéyìí bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Tí àmì àrùn náà bá ti yọ lára èèyàn, kò sí oògùn rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kan yóò wà tí ajá tó ti ń ṣe dáadáa ní pápá yóò gbé ìbọ̀sẹ̀, tí yóò sì lọ dùbúlẹ̀ tì í ní ìgun ògiri bí ẹni pé kò rí yín rí. Kò tíì bàjẹ́. Ẹ ká okùn, ẹ fà á wálé, kí ẹ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mítà méjì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Ọ̀pọ̀ ajá ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń dé bá bí wọ́n bá ti sún mọ́ ọdún kan.